Òjò tí kò rọ̀ níbi ìnáwó: ta ló dá a dúró?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán nílẹ̀ láàárín àwa Yorùbá Àbújá tí oṣù kẹrin bá ti wọlé. Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n ti na kánópì sí Kubwa tàbí Lugbe, alásè ti gbé ìkòkò kaná, ni òjò bá ṣú dẹ̀dẹ̀ láti ìhà ìlà-oòrùn. Atẹ́gùn tútù dé, eruku sọ lálá, àwọn tó wé gèlè olówó ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi sá sí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ojú ọjọ́ là, ẹ̀kán òjò kan ò sì bọ́ sílẹ̀. Ẹnìkan á wá rọra wí sí ẹlòmíràn létí pé wọ́n ti fún bàbá kan lówó, òun ló dá òjò náà dúró.

Ó ti dójú ẹ̀ báyìí pé owó ìdádúró òjò ti wọ inú ètò ìnáwó, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọtí àti owó àwọn onílù. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tí baba rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni ẹ̀rí tí wọ́n ń gbé kalẹ̀: "Ṣebí ìwọ náà rí i pé òjò ṣú, kò sì rọ̀." Mo rí i. Ṣé ti pé òjò ṣú tí kò sì rọ̀ jẹ́ ohun àrà ní Àbújá ní oṣù kẹrin? Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ni, ì báà ṣe ọjọ́ Túsìdeé tí ẹnikẹ́ni ò ṣe ìgbéyàwó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní òjò rọ̀ lọ́jọ́ 8 nínú ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹrin. Èmi ni mo mú 8 yẹn láti fi ṣe àpẹẹrẹ; ọdún mìíràn á jù bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn ò ní tó o. Ká tún ní ìdajì nínú rẹ̀ jẹ́ òjò alẹ́ tàbí ti ìdájí, nígbà tí àlejò ti lọ sílé. Ó ku ọjọ́ 4 tí òjò lè ba ìnáwó jẹ́. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ ìdádúró òjò fún ìnáwó 30 nínú irú oṣù bẹ́ẹ̀, tó sì sùn lọ fọnfọn láìjá ewé kankan, ìdílé 26 ni yóò máa jẹ́rìí pé iṣẹ́ rẹ̀ dájú. Àwọn 4 tó kù á gbọ́ àlàyé. Àlàyé náà kì í wọ́n: ẹnìkan nínú ẹbí ló bu omi wẹ̀ kí àsìkò tó tó, owó ò pé, tàbí ọ̀tá kan ló san owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó lágbára ju bàbá lọ. Iṣẹ́ tó bá ti jẹ́ pé bó ṣe yọrí ni ẹ̀rí, bí kò sì yọrí náà ni ẹ̀rí, mi ò mọ bí a ṣe ń dán irú rẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ìṣirò nìkan kì í tẹ́ àwọn èèyàn lọ́rùn. Wọ́n á ní, "Ó dáa, kí ló wá tú ìkúùkuù yẹn ká?" Ìbéèrè gidi lèyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí ohun tí a kì í fojú rí ló wà nídìí ẹ̀: bí atẹ́gùn ọ̀rinrin ṣe nípọn tó lókè orí wa lọ́jọ́ náà.

Atẹ́gùn méjì ló ń du ilẹ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń bọ̀ láti ojú òkun, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, òun ló ń gbé ọ̀rinrin wá. Èkejì ń bọ̀ láti aṣálẹ̀, láti àríwá ìlà-oòrùn, òun ni ọyẹ́, gbígbẹ ló gbẹ, eruku ló sì rù. Ibi tí wọ́n ti pàdé kì í dúró sójú kan. Ní oṣù kìn-ín-ní, kò jìnnà sí etí òkun; tó bá fi máa di oṣù kẹjọ, ó ti kọjá Nàìjíríà, ó ti wọ aṣálẹ̀ orílẹ̀-èdè Niger. Láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin ló ń gba sàkáání Àbújá kọjá, kì í sì í rìn gbọnrangandan. Ó lè lọ síwájú lónìí, kó padà sẹ́yìn lọ́tùnla. Ìdí nìyẹn tí ara fi lè máa lẹ̀ nítorí ọ̀rinrin lọ́jọ́ Ajé, kí ètè sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lọ́jọ́rú bí ẹni pé ọyẹ́ ti padà dé.

Atẹ́gùn òkun tutù ju ti aṣálẹ̀ lọ, ó sì wúwo jù ú lọ, nítorí náà abẹ́ rẹ̀ ló ń gbà wọlé. Ẹ fojú inú wo ọ̀bẹ tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹnu rẹ̀ kọjú sí àríwá, ẹ̀yìn rẹ̀ tó nípọn wà lápá òkun. Ní oṣù kẹrin, ìtòsí ẹnu ọ̀bẹ yẹn ni Àbújá wà. Ọ̀rinrin tó wà lókè wa lè má ju kìlómítà kan sí méjì lọ, atẹ́gùn gbígbẹ ló sì gùn ún lórí. Bẹ́ẹ̀ ìkúùkuù tó máa rọ òjò gidi tòun ti àrá gbọ́dọ̀ ga tó kìlómítà 10 sí 15.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án. Oòrùn ti mú ilẹ̀ gbóná láti àárọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gòkè pẹ̀lú ọ̀rinrin rẹ̀, ìkúùkuù ń wú. Ní nǹkan bí aago méjì sí mẹ́ta, ó ti dúdú nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gun òkè ló ń wọ inú atẹ́gùn gbígbẹ, atẹ́gùn gbígbẹ náà sì ń jẹ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Tí ọ̀rinrin ìsàlẹ̀ bá nípọn, ìkúùkuù á borí. Tó bá fẹ́lẹ́, á parẹ́ lójú wa. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òjò á tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lókè, ẹ ó máa rí i lókèèrè bí aṣọ eérú tó rọ̀ sísàlẹ̀ ìkúùkuù, síbẹ̀ yóò gbẹ tán kó tó kanlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó máa jẹ́ tòní, kó wo aṣọ tó sá láàárọ̀. Bí jíǹsì tó sábà máa ń gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n bá ṣì tutù nídìí àpò rẹ̀, ọ̀rinrin pọ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú, ṣùgbọ́n ó sàn ju ká máa wojú bàbá lọ.

Ẹyọ ìkúùkuù àrá kan ṣoṣo kì í pẹ́ láyé. Láti ìgbà tó bá ti dàgbà títí tó fi máa tú ká, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ni. Ẹni tó bá lè jókòó sẹ́yìn ilé fún wákàtí kan kó máa sọ̀rọ̀ sí i, yóò rí òpin rẹ̀ bó bá sọ̀rọ̀, yóò rí i bó bá dákẹ́.

Atẹ́gùn tútù tó ń kó jìnnìjìnnì bá oníbi ìnáwó náà ńkọ́? Òun ló ń tan èèyàn jẹ jù. Níbi tí òjò bá ti ń rọ̀, omi tó ń bọ́ máa ń mú kí afẹ́fẹ́ tutù, afẹ́fẹ́ tútù náà á já wálẹ̀, á sì tàn káàkiri bí ó ti ń gbá eruku lọ níwájú. Ó lè rìn tó kìlómítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrò níbi tí òjò wà. Èyí ni pé atẹ́gùn tó fẹ́ dé Maitama lè jẹ́ ti òjò tó ń rọ̀ ní ìkọjá Karu. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu pé wọn ò mọ̀ ni pé atẹ́gùn yẹn lè gé oúnjẹ mọ́ ìkúùkuù tó wà lórí yín lẹ́nu: ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó dí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń bọ́ ọ lọ́nà, ìkúùkuù bá kú. Atẹ́gùn tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ń kéde òjò wá di ohun tó pa á.

Wọ́n á tún ní, "Kò rọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó rọ̀ ní Nyanya, bàbá ló darí ẹ̀ síbẹ̀." Ó dáa. Ṣé wọn ò ṣe ìnáwó ní Nyanya ni? Bí tibẹ̀ náà bá sanwó ńkọ́? Ẹyọ òjò oṣù kẹrin kan kì í sábà fẹ̀ ju kìlómítà márùn-ún sí mẹ́wàá lọ. Ó gbọ́dọ̀ rọ̀ síbì kan, kó má rọ̀ síbòmíràn. Eji ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa.

Òjò kan wà tí mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n fi yangàn pé àwọn dá a dúró: èyí tó ń bọ̀ láti Jos. Orí òkè Jos ga tó nǹkan bí mítà 1,200, ibẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí àwọn ìjì wa ti ń gbéra lọ́sàn-án. Wọ́n á tò gbọọrọ, wọ́n á wá máa bọ̀ níhà ìwọ̀-oòrùn, ní nǹkan bí 50 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Láti Jos dé Àbújá bí ẹyẹ ṣe ń fò jẹ́ nǹkan bí 180 kìlómítà, Akwanga bí 100, Keffi bí 50. Èyí tó gbéra ní Jos ní aago méjì ọ̀sán lè kàn wá láago mẹ́fà ku díẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń ná owó lé ìyàwó lórí gan-an. Irú èyí máa ń lo ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó kú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń bọ̀, ẹ wo àwòrán ìkúùkuù tí sátẹ́láìtì Meteosat ń yà: láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tuntun ń jáde, EUMETSAT, àjọ sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ ti Yúróòpù, sì gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo apá ìlà-oòrùn. Ọ̀nà tí atẹ́gùn ilẹ̀ ń fẹ́ sí ò kan òjò yìí, atẹ́gùn ti òkè ló ń tì í.

Mi ò ní fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ohun tó lè yí òjò padà láyé. Ní ọdún 2008, nígbà tí Ṣáínà fẹ́ ṣí eré Òlíńpíìkì ní Beijing, wọ́n yin rọ́kẹ́ẹ̀tì tó lé ní 1,000 sínú ìkúùkuù kí òjò má baà rọ̀ lé wọn lórí. Òjò ò rọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ò fẹnu kò síbẹ̀ pé rọ́kẹ́ẹ̀tì ló ṣe é, torí kò sẹ́ni tó rí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní wọn ò yìn ín. Bí ìjọba tòun ti owó rẹ̀ ò bá lè fi ìdí èyí múlẹ̀, ó yẹ kí ẹni tó gbowó lọ́wọ́ yín náà ní sùúrù díẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ní àkọsílẹ̀ tó kọ ṣáájú, ọjọ́ tó gba iṣẹ́ àti ọjọ́ tí kò gbà, láìyọ èyí tí kò yọrí kúrò, á wù mí láti rí i.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹni tó bá ti san owó ìdádúró òjò kì í tún de kánópì rẹ̀ dáadáa mọ́. Ẹ̀gbẹ́ kánópì tó gùn ní mítà 6, tó ga ní mítà 2 àbọ̀, tí wọ́n sì ta aṣọ bò: tí ìjì bá fẹ́ lù ú ní 70 kìlómítà láàárín wákàtí kan, agbára tó ń tì í tó ìwọ̀n kílò 340, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ǹtì méje. Kẹ́ẹ̀gì omi kan tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ju kílò 25 lọ. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ lásán, ẹ lo irin tó gùn tó sẹ̀ntímítà 75, ẹ gbá a wọlé kí orí rẹ̀ dagun kúrò lára kánópì, kí okùn sì le. Tó bá jẹ́ orí ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ bíríkì sí, irin ò ní wọlé. Dúrọ́ọ̀mù omi onílítà 200 tó kún ni kẹ́ ẹ fi de ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí atẹ́gùn bá ti ń le, ẹ ká aṣọ ẹ̀gbẹ́ sókè kó lè ráyè kọjá. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin di ẹsẹ̀ kánópì mú. Irin ni, òun ló sì ga jù ní pápá.

Àrá kì í dúró de òjò kó tó pa èèyàn. Tí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá á fi sán. Gbogbo mẹ́ta-mẹ́ta jẹ́ kìlómítà kan. Tí kò bá pé ọgbọ̀n, ẹ kó àlejò kúrò lábẹ́ kánópì àti lábẹ́ igi máńgòrò, kí wọ́n wọ inú ilé tàbí mọ́tò onírin tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kì í ṣe ibi ìsádi. Àwọn olórin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá: kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n yọ wáyà, kí wọ́n gbé máíkì sílẹ̀, kí wọ́n má sì tún un fọwọ́ kàn títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fi máa pé lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn. Wọ́n á jiyàn. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn kẹ́ ẹ tó san owó àsansílẹ̀.