Wíwó tí wọ́n wó ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Longbridge kò pa ìtàn rẹ̀ rẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìkòkò àti ère ayé àtijọ́ nìkan ni awalẹ̀pìtàn ń wá, àti pé tí katapílà bá ti wó ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ palẹ̀, ìtàn ibẹ̀ ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wo Longbridge, létí ìlú Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú ilé ìtẹ̀wé kan tí wọ́n ti pa tì ni Herbert Austin ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1905. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ kékeré Mini láti 1959 títí di 2000. Nígbà tí MG Rover, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, wó lulẹ̀ lóṣù kẹrin 2005, nǹkan bí 6,000 òṣìṣẹ́ ló pàdánù iṣẹ́. Ilé ìtajà, kọ́lẹ́ẹ̀jì àti ilé gbígbé ló gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ náà báyìí.

Ẹ̀rọ tó ń tẹ irin di ara ọkọ̀ máa ń mi ilẹ̀ tìtì, ìdí nìyẹn tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ fi máa ń jìn gan-an. Tí ògiri bá lọ, kọnkéré yẹn á ṣì wà, pẹ̀lú bóòtì tó de ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá wọn àlàfo àárín àwọn bóòtì, tó sì gbé e lé àwòrán ilé iṣẹ́ náà, lè mọ irú ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ àti ibi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá.

Ìgbà tí wọ́n bá ń fọ ilẹ̀ náà mọ́ ni nǹkan máa ń bàjẹ́. Epo, kẹ́míkà ọ̀dà àti asbestos (òkúta onífọ́nrán tó léwu fún ẹ̀dọ̀fóró) sábà máa ń wà nínú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì gbọ́dọ̀ kọ́ ilé lé e láìkọ́kọ́ bójú tó wọn. Wọ́n á hú kọnkéré, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi dí kòtò. Nítorí náà, ṣáájú ìgbà yẹn ni iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti wáyé: ẹ to máàpù ọdún oríṣiríṣi àti fọ́tò tí wọ́n yà láti òkè léra, ẹ gba èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọ kòtò, ẹ gbá ojú kọnkéré mọ́, kí ẹ sì gbé ọ̀pá ìwọ̀n sílẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ mú àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ dání rìn yíká ibẹ̀. Àwọn ló mọ ohun tí ihò kọ̀ọ̀kan wà fún. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, tó sì ń dùn wá, ni kí wọ́n ya ọ́fíìsì ọ̀gá nìkan, kí wọ́n fi ibi ìkùnọ̀dà àti ibi ìjẹun sílẹ̀.

Ẹ má sì dúró sí ibi tí ọgbà pin sí. Ní 1917, Austin kó ilé onípákó wá láti Bay City, ní Michigan, fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀; àwọn ènìyàn ṣì ń gbé inú wọn. Orúkọ pàápàá jẹ́ ẹ̀rí: lójú ọ̀nà Badagry ní Ọ̀jọ́, Volks ni wọ́n ṣì ń pe ibùdókọ̀ tó wà níbi tí Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975. Cofton Park, nítòsí Longbridge, kò ní bóòtì kankan, koríko lásán ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti dìbò lóṣù kejì 1980 pé àwọn kò ní daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí Derek Robinson, aṣíwájú ẹgbẹ́ wọn tí iléeṣẹ́ lé. Máàpù tí kò bá sí pápá yẹn lórí rẹ̀ kò tíì pé.