Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀gbọ́n Lọ́wọ́ Àbúrò: Bí Ìṣúráǹsì Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Fún Ọ̀dọ́ Tó Ń Wa Ọkọ̀ Ọlọ́kọ̀

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Yorùbá tó bá wá sí Àbújá, ilé ẹ̀gbọ́n tàbí ilé àǹtí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dé sí. Kópà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní àgọ́ Kubwa ni o, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Gwagwalada ni o, ẹni tó wá wáṣẹ́ ni o, kì í pẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ilé fi máa ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Wọ́n á ní kó lọ gbé àwọn ọmọ ní ilé ìwé, kó lọ pàdé màmá ní pápákọ̀ òfurufú, kó bá wọn gbé kúlà lọ síbi ìnáwó ní Gwarinpa. Ó mọ ọkọ̀ wà, wọ́n sì fọkàn tán an. Ohun tí kì í wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn ni pé bí ọkọ̀ yẹn bá lọ gbá nǹkan, ta ni ìṣúráǹsì rẹ̀ máa dá mọ̀?

Ọkọ̀ ló máa dá mọ̀, àti ẹni tó forúkọ ara rẹ̀ ra ìwé náà. Bó ṣe rí ní Nàìjíríà nìyẹn: nọ́ńbà ọkọ̀ ni ìṣúráǹsì so mọ́, kì í ṣe ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀. Nílùú Ọba, ọmọ ọdún 19 máa san ju bàbá rẹ̀ lọ dáadáa lórí ọkọ̀ kan náà, torí pé ọjọ́ orí awakọ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò owó. Lọ́dọ̀ tiwa, iye kan náà ni third party, ìwé tó ń san ohun tí ọkọ̀ bá ṣe fún ẹlòmíràn, fún ọlọ́kọ̀ ọmọ ọdún 22 àti ẹni ọgọ́ta ọdún, iye tí ọkọ̀ bá tó sì ni wọ́n fi ń ṣírò comprehensive, ìwé tó tún ń bo ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ìdí rèé tí ọ̀dọ́ fi máa ń rò pé ọjọ́ orí òun kò kan ìṣúráǹsì. Ó kàn án o. Ọjọ́ tí a ń sanwó ni kì í hàn. Ọjọ́ tí a bá lọ gba owó òfò ló máa ń yọjú, ẹ̀pa ò sì bóró mọ́ nígbà náà.

Ẹ gbé ìwé náà, kí ẹ kà á. Nọ́ńbà ọkọ̀ wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó rà á wà níbẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ibi méjì tí ojú máa ń fò. Ọ̀kan sọ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wa ọkọ̀ náà: ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀, àti ẹnikẹ́ni tó bá ń wà á pẹ̀lú àṣẹ tàbí ìyọ̀ǹda rẹ̀, tí ẹni náà bá ní láísẹ́ǹsì tí òfin fọwọ́ sí. Ìkejì sọ ohun tí wọ́n lè fi ọkọ̀ náà ṣe: ìrìn àjò ara ẹni, fàájì, iṣẹ́ ọlọ́kọ̀, kì í ṣe láti fi kérò gbowó, kì í ṣe láti fi sá eré ìje. Inú gbólóhùn méjì yìí ni àbúrò, ọmọ, ọ̀rẹ́ àti dírẹ́bà ti ń rí ààbò. Òun náà ló ń lé wọn jáde.

Ìyọ̀ǹda kọ́kọ́. Kò pọn dandan kó jẹ́ ìwé. Ẹnu ọlọ́kọ̀ tó. Ṣùgbọ́n kì í kọjá ẹni tí wọ́n fún. Bí ẹ̀gbọ́n bá fún àbúrò ní kọ́kọ́rọ́, tí àbúrò dé Lugbe tó ní kí ọ̀rẹ́ òun "gbìyànjú ẹ̀ wò" títí dé Airport Road, ọ̀rẹ́ yẹn kò sí lábẹ́ ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó yọ kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì nígbà tí àwọn àgbà ń sùn.

Láísẹ́ǹsì ló tẹ̀ lé e. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kì í fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ara ẹni, nítorí náà ọmọ ọdún 17 tó mọ ọkọ̀ wà bí idán, ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì ló jẹ́ lójú ilé iṣẹ́ ìṣúráǹsì. Ẹni tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ ti kú láti ọdún tó kọjá, tó ń dúró dìgbà tó máa ráyè lọ tún un ṣe, ń gbé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kiri nínú ewu tí ọlọ́kọ̀ kò mọ̀ sí.

Ó wá ku irú ìwé tó wà nínú ọkọ̀ náà. Third party ló pọ̀ jù nínú mọ́tò tí à ń rí láti Mararaba títí dé Zuba. Òfin ọdún 1945 ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di dandan, nítorí ikú àti ìfarapa. Òfin ìṣúráǹsì ọdún 2003 wá fi ti dúkìá kún un. Wọ́n ti fi òfin tuntun rọ́pò méjèèjì ní ọdún 2025, àmọ́ dandan náà ṣì wà níbẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìṣúráǹsì, gbé owó third party fún ọkọ̀ ara ẹni láti ₦5,000 sí ₦15,000 lọ́dún, wọ́n sì gbé ohun tó lè san lórí dúkìá tí ọkọ̀ bá bà jẹ́ láti mílíọ̀nù kan sí mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá kéde pé àwọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri orílẹ̀-èdè láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ènìyàn sáré lọ rà á kí ọlọ́pàá má baà dá wọn dúró. Ohun tí ìwé náà wà fún gan-an kò yé wọn.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ọmọ ogún ọdún kan ń gbé Corolla ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ̀ láti Kubwa ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé Berger, jíìpù iwájú tẹ búréèkì. Òun náà tẹ tiẹ̀, ó ti pẹ́ díẹ̀. Iná ẹ̀yìn jíìpù fọ́ yángá, bọ́ǹpà rẹ̀ là. Bọ́ńẹ́ẹ̀tì Corolla ká sókè, omi rédíétọ̀ ń ṣàn sórí ọ̀dà. Ká ní àtúnṣe jíìpù jẹ́ ₦1,200,000, ti Corolla jẹ́ ₦900,000. Bí ọmọ náà bá ní ìyọ̀ǹda àti láísẹ́ǹsì, third party ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á san ti jíìpù. Ti Corolla kò kàn án rárá. Kò sí kọ́bọ̀ kan nínú ₦15,000 yẹn tó wà fún ọkọ̀ tí àbúrò yá wá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí fún orúnkún awakọ̀ tó gbá dáṣíbọ́ọ̀dù. Ká tún wá ní jíìpù náà jẹ́ èyí tí àtúnṣe rẹ̀ gba mílíọ̀nù márùn-ún: mílíọ̀nù mẹ́ta ni ìṣúráǹsì máa dáwọ́ dúró, méjì tó kù di gbèsè ilé.

Tí ènìyàn bá fara pa tàbí tí ẹ̀mí bá lọ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Òfin dáàbò bo ẹni tí ọkọ̀ gbá, débi pé bí ilé ẹjọ́ bá ti dájọ́, ilé iṣẹ́ ìṣúráǹsì lè rí i pé òun gbọ́dọ̀ sanwó fún un kódà bí aáwọ̀ bá wà láàárín òun àti ọlọ́kọ̀. Lẹ́yìn náà ló lè wá padà sọ́dọ̀ ọlọ́kọ̀ láti gba owó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n máa kàn sí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé, kì í ṣe àbúrò.

Comprehensive ló ń tún ọkọ̀ tí wọ́n yá ṣe. NAICOM sọ pé owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ọkọ̀, èyí tó já sí ₦400,000 lọ́dún fún ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́jọ. Owó ńlá ni, torí náà ẹni tó san án máa ń rò pé gbogbo nǹkan ti parí. Ibí yìí gan-an ni ọjọ́ orí awakọ̀ ti máa ń jáde. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní excess: apá kan nínú owó àtúnṣe tí ọlọ́kọ̀ máa fi àpò ara rẹ̀ san kí ilé iṣẹ́ tó san ìyókù. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, excess mìíràn tún wà tí wọ́n ń lé sórí ti àkọ́kọ́ bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ bá kéré sí ọdún 21, tàbí 25 nínú àwọn ìwé mìíràn, tàbí tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan. Ká fi ₦900,000 ti Corolla yẹn ṣàpẹẹrẹ. Bí excess àkọ́kọ́ bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá, ₦90,000 ni. Bí ti ọ̀dọ́ bá tún jẹ́ ìdá mẹ́wàá mìíràn, ó di ₦180,000 tí ẹ̀gbọ́n máa wá. Ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀, ojú ewé tó gbé e sì wà nínú ìwé gígùn tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ lórí ímeèlì, tí ọ̀pọ̀ kì í ṣí.

Kódà ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ ìwé yẹn. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kún láti ra comprehensive sábà máa ń béèrè bóyá ẹnì kan tó kéré lọ́jọ́ orí, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì, máa wa ọkọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n á kọ "rárá", torí pé lọ́jọ́ yẹn àbúrò ṣì wà ní Ìbàdàn. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, àbúrò ti di awakọ̀ ilé. Nígbà mìíràn, aṣojú ilé iṣẹ́ náà ló bá a kún fọ́ọ̀mù lórí fóònù, kò tilẹ̀ béèrè. Bí wọ́n bá rí i lẹ́yìn jàǹbá pé ìdáhùn yẹn kì í ṣe òótọ́, wọ́n lè dín owó kù, wọ́n sì lè kọ̀ pátápátá. Ó máa ń dunni láti rí ẹni tó san ₦400,000, tó wá pàdánù gbogbo rẹ̀ sórí ìbéèrè tí wọn ò kà sí i létí.

Fífi ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ṣe Bolt lópin ọ̀sẹ̀ náà wà lára ohun tó ń ba nǹkan jẹ́. Ìgbà tí èrò bá ti wọlé tó sì ń sanwó, ìwé ọkọ̀ ara ẹni kò bo ìrìn àjò yẹn mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, ìwé ọkọ̀ akérò ni kó ra.

Àwọn mìíràn máa ń gbára lé ìṣúráǹsì ọkọ̀ tiwọn nígbà tí wọ́n bá yá ti ẹlòmíràn. Lóòótọ́, àwọn ìwé ọkọ̀ ara ẹni kan ní àyè fún un. Ohun tí wọ́n bá bà jẹ́ fún ará ìta ni irú àyè bẹ́ẹ̀ máa ń bo, kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n yá.

Nígbà tí jàǹbá bá wá ṣẹlẹ̀, ìwà ọmọlúàbí wa gan-an lè kó bá wa. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa á sọ̀ kalẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ sórí ọ̀dà, á ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀bi mi ni, màá tún un ṣe." Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n á na ìwé sí i pé kó fọwọ́ sí i pé òun máa san gbogbo rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ìwé ìṣúráǹsì sì ní àdéhùn kan nínú: ọlọ́kọ̀ tàbí awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bi, kò gbọ́dọ̀ ṣèlérí owó, láìjẹ́ pé ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ sí i. Kí ó kí wọn pẹ̀lẹ́, kí ó bẹ̀ wọ́n, kí ó gbé ẹni tó fara pa lọ ọsibítù. Èyí kò ta ko àdéhùn kankan. Ìlérí owó ni kí ó fi sílẹ̀. Kí ó ya fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì kí wọ́n tó wọ́ wọn kúrò, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, kí ó pe ẹ̀gbọ́n, kí ẹ̀gbọ́n sì pe ilé iṣẹ́ ìṣúráǹsì lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á béèrè ìwé ọlọ́pàá, láísẹ́ǹsì ẹni tó wa ọkọ̀, ìwé ọkọ̀, àti iye tí mẹkáníìkì kọ. Kí wọ́n má tíì tún ọkọ̀ ṣe o, títí aṣojú ilé iṣẹ́ á fi wá wò ó.

Orúkọ awakọ̀ tòótọ́ ni kí wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù yẹn. Àwọn ilé kan máa ń ní kí ẹ̀gbọ́n sọ pé òun lòun wà á, kí excess ọ̀dọ́ má baà wọlé. Ìwé ọlọ́pàá á gbé orúkọ àbúrò, fọ́tò á gbé ojú rẹ̀, ohun tí ì bá jẹ́ ₦90,000 sí i á wá di irọ́ tí wọ́n fi kọ gbogbo owó náà.

Gbogbo èyí wúlò kìkì bí ìwé náà bá jẹ́ ojúlówó. Àkọsílẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ìṣúráǹsì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, NIID ni wọ́n ń pè é. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni wọ́n máa fi wá a. Bí ọkọ̀ bá ti wọ inú rẹ̀, ó máa jáde. Kí àbúrò fúnra rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gba kọ́kọ́rọ́, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kí ó wo orúkọ pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n tà láàárín ọdún ṣì ń gbé ìwé ẹni tó tà á kiri, ìyọ̀ǹda ẹ̀gbọ́n tó rà á kò sì lè dúró lórí ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bí àbúrò bá máa wa ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n tó ní comprehensive déédéé, lẹ́tà kan ni ẹ̀gbọ́n máa kọ sí ilé iṣẹ́ náà: orúkọ àbúrò, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ tó kọ́kọ́ gba láísẹ́ǹsì, ẹ̀dà láísẹ́ǹsì náà. Wọ́n lè fi owó díẹ̀ kún un, wọ́n sì lè má fi kún un. Ìwé kékeré kan ni wọ́n á fi ránṣẹ́ padà, tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Inú pijinhóòlù ọkọ̀ ni kí wọ́n fi í sí, pẹ̀lú ìwé ìṣúráǹsì.