Abẹ́ Ìrókò ni Ilé Ìgbìmọ̀ Ti Wá

Ẹni tó bá ń tẹ́tí sí ìròyìn Yorùbá lórí rédíò l'Ádó-Èkìtì yóò máa gbọ́ wọn: ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, abẹnugan, ọ̀pá àṣẹ, àbádòfin. Àwọn kan gbà pé akọ̀ròyìn ló gbé ìwé atúmọ̀ èdè Òyìnbó síwájú, tó wá ń rọ ọ̀rọ̀ bí alágbẹ̀dẹ ti ń rọ ọkọ́. Mo yọ̀ǹda àbádòfin fún wọn, àbá tó fẹ́ di òfin. Ẹni tó rọ ọ́ mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ egungun ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà, ìgbìmọ̀ àti òfin, wọ́n ti wà nílẹ̀ l'Ékìtì kí Òyìnbó tó gun òkè wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìgbìmọ̀. Gbà àti ìmọ̀ ló wọnú ara wọn: eléyìí mú ìmọ̀ wá, tọ̀hún gbà á, ó fi tirẹ̀ lé e. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. (Òun náà là ń lò fún ọlọ̀tẹ̀, pé wọ́n ń gbìmọ̀ pọ̀. Ẹni tó bá mọ ìṣèlú wa dáadáa ò ní bèèrè ìdí rẹ̀.) Àwọn tó ń gbìmọ̀ nílùú Èkìtì lórúkọ tiwọn. Ìhàrẹ̀ ni àwọn ìjòyè àgbà tó yí ọba ká. Ẹlẹ́gbẹ́ ni olórí àwọn ẹgbẹ́ ọkùnrin, àwọn tó ń lọ sójú ogun. Níbi tí Ìhàrẹ̀ bá ti jẹ́ mẹ́fà, Ìhàrẹ̀fà ni wọ́n ń jẹ́. Ìjẹ̀ṣà ń pè é ní Ìwàrẹ̀fà. Wọ́n ti ka iye àga mọ́ orúkọ ilé náà! Ọba ló ń sọ òfin jáde, àmọ́ Ìhàrẹ̀ ti jẹ ẹ́ lẹ́nu kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo bá ìrù rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni, agogo á dún ní ìkángun àdúgbò, ìyá àgbà á ní ká panu mọ́, bàbá mi á yí iná fìtílà wálẹ̀ bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbọ́ràn. "Ìlú ní kí n kí yín o!" Akéde wa kì í ní ọba ní. Ìlú ló máa ń pè. Ìlú ní kí ẹnikẹ́ni má gbé iṣu tuntun wá sọ́jà títí ọba yóò fi tọ́ ọ wò. Ó á wí i ní oríta wa, ó á wí i ní oríta kejì, ó á lọ wí i ní ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ kan náà, láìyọ kan kúrò. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta ni ó tó di òfin.

Níbo wá ni wọ́n ti ń jókòó gbà á? Èmi ò wá ibẹ̀ jìnnà. Ọdún Adó ń jẹ́ Ùdìrókò. Níbi tí àwọn yòókù ti ń pe ì, ù ni tiwa: ùlú ni ìlú, ùdí ni ìdí. Ìdí ìrókò, ibi tí Èwí, ọba Adó, àti àwọn ìjòyè ti ń pàdé lọ́jọ́ ọdún náà. Wọ́n á ní ayẹyẹ lásán ni. Ààfin wà níbẹ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ abẹ́ igi? Èrò tèmi ni pé abẹ́ igi ò ní ilẹ̀kùn. Ohun tí wọ́n bá gbà níbẹ̀, gbogbo ojú ló rí i. Ẹ sì tún wo oyè ọba náà: Èwí. Wí ni mò ń gbọ́ nínú rẹ̀. Òyìnbó pe olórí ilé ìgbìmọ̀ tirẹ̀ ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Adó ti fi í dé ọba ládé.

Òfin ńkọ́? Àwọn kan ní láti ara fífín ni, bí a ti ń fín igbá, pé ohun tí a bá fín kì í parẹ́. Ó dùn létí, àmọ́ ohùn kọ̀ ọ́: fín ròkè, òfin ò ròkè. Èrò pé láti ara ààfin ni òfin ti wá ni mo fara mọ́. Olófin là ń pe Odùduwà, Olófin náà ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì kọ nígbà tí Aísáyà pe Ọlọ́run ní ẹni tó ń fún wa lófin. Abẹ́ ìrókò ni wọ́n ti gbà á, ẹnu ọ̀nà ààfin ló gbà jáde. Bóyá ibẹ̀ náà ni Ọ̀dọ̀fin, tó wà nínú ìjòyè ọ̀pọ̀ ìlú wa, ti rí orúkọ.

Èkó á ní àwọn ní ìgbìmọ̀ aṣòfin láti 1862. Àwọn tí Gómìnà Òyìnbó fọwọ́ ara rẹ̀ yàn! Ìbàdàn á gbé ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ti 1952 wá. Ó dáa. Ọba mẹ́rìndínlógún l'Ékìtì pe ìjókòó tiwọn ní Pẹ̀lúpẹ̀lú, kò sì sí orúkọ ilé ìgbìmọ̀ kankan tó ṣàlàyé ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìyókù ò gùn. Ọjọ́ 1 oṣù October 1996 ni wọ́n yọ Èkìtì lára Oǹdó. Ilé ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1999, àga 26. Ilé náà yọ gómìnà ní 2006, ìjọba àpapọ̀ sì kéde ìṣèjọba pàjáwìrì. Ní 2022, Olubunmi Adelugba di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ abẹnugan. Abala 97 òfin ilẹ̀ wa ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi jókòó, àmọ́ wọ́n lè fi èdè ìpínlẹ̀ kún un bí ilé bá fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kan, rédíò ní àbádòfin kan ti kọjá kíkà kejì. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún ìyá mi. Ó ní kí n dákẹ́, ó ku oríta kan.