Samsung kò fi tírélà kó owó onírin lọ fún Apple

Ìtàn yẹn tún ti dé. Bí iléeṣẹ́ ńlá kan bá ti gbé èkejì lọ sí kóòtù, tí a sì gbọ́ pé bílíọ̀nù dọ́là wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹnìkan á tún gbé e síta. Wọ́n á ní nígbà tí Samsung pàdánù ẹjọ́ sọ́wọ́ Apple ní 2012, inú bí i débi pé ó kó gbogbo owó tí wọ́n ní kó san sínú tírélà tó lé ní 30, sẹ́ǹtì márùn-ún márùn-ún, ó sì ní kí wọ́n lọ dà á sílẹ̀ ní olú iléeṣẹ́ Apple ní California. Wọ́n á fi kún un pé ìwé ìdájọ́ kò sọ irú owó tó gbọ́dọ̀ fi san án. Àwọn tó bá kà á á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ó ti sú mi. Láti ọdún yẹn ni mo ti ń dá àwọn ènìyàn lóhùn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí.

Ojú òpó àwàdà kan ní Mẹ́síkò ló kọ ọ́, láàrin ọjọ́ díẹ̀ sí ìdájọ́ náà. Àwọn tó gbé e láti èdè kan sí òmíràn ló sọ ọ́ di ìròyìn.

Ti ìwọ̀n kò gba àkókò. Ẹyọ owó onírin sẹ́ǹtì márùn-ún ti Amẹ́ríkà kan wọn gíráàmù márùn-ún. Ogún irú rẹ̀ ló para pọ̀ di dọ́là kan, ó já sí pé dọ́là kan ṣoṣo jẹ́ gíráàmù 100 lọ́wọ́ yín. Bílíọ̀nù dọ́là wá di tọ́ọ̀nù 100,000. Ẹ pín in sí tírélà 30, ẹ ó rí i pé ó lé ní tọ́ọ̀nù 3,000 tó máa wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, òfin kò gbà kí ọkọ̀ kan pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ kọjá nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 36, àfi tó bá gba ìwé àṣẹ pàtàkì. Owó náà fúnra rẹ̀ á lé ní bílíọ̀nù 20 ẹyọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí ilé ìrọwó Amẹ́ríkà rọ nínú irú owó yìí ní gbogbo 2012 kò ju bílíọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ṣe ìṣirò yìí tán, èsì tí mo máa ń gbà ni pé, "Ó dáa, bóyá tírélà náà ju 30 lọ." Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ̀n ló rú wọn lójú. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n ní Samsung ń kó owó lọ, kò tíì sí gbèsè kankan tó dúró sójú kan tí Apple lè ní kó wá san. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí.

Nínú èdè wa, "wọ́n ní kó san," "ó di dandan kó san" àti "ó ti san" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Kò sí ọmọdé tí kò mọ ìyàtọ̀ wọn. Àmọ́ bí ìròyìn kóòtù bá ti dé, gbogbo wa a máa ń pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń pe owó náà ní ìtanràn. Ìjọba ló ń gba owó ìtanràn. Owó gbà-má-bínú ni èyí, ẹni tó pe ẹjọ́ ló ni ín.

Oṣù kẹrin 2011 ni Apple pe ẹjọ́ náà, ó ní Samsung wo ìrísí iPhone ṣe fóònù tirẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 2012, àwọn júrì mẹ́sàn-án, ìyẹn ará ìlú lásán tí kóòtù ṣà jọ láti gbọ́ ẹjọ́, jáde ní San Jose pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ iye owó sí: 1,051,855,000 dọ́là. Wọ́n yẹ fọ́ọ̀mù náà wò, wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n kọ lórí ẹ̀rọ méjì ta kora. Adájọ́ Lucy Koh ní kí wọ́n padà lọ tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n tún jáde, ó ti di 1,049,343,540. Lọ́jọ́ kan náà, kí ẹnikẹ́ni tó kúrò nínú kóòtù, ó lé ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là tó ti yọ kúrò nínú owó tí wọ́n ní wọ́n fi tírélà kó.

Ìyẹn kò tíì jẹ́ nǹkan kan. Ohun tí júrì bá sọ, adájọ́ ṣì máa gbé e yẹ̀ wò kó tó di ìdájọ́ àṣetán. Ní oṣù kẹta 2013, Koh fúnra rẹ̀ yọ nǹkan bíi 450 mílíọ̀nù kúrò, ó ní ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣírò rẹ̀ kò bófin mu, kí júrì mìíràn wá tún un ṣírò. Júrì mìíràn jókòó ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n fi 290 mílíọ̀nù dípò rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wá di nǹkan bíi 930 mílíọ̀nù. Samsung gbé e lọ sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, àwọn yẹn sì gé e wálẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2015. Ó ku 548 mílíọ̀nù. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, owó kò kúrò níbì kan lọ síbì kan, torí òfin ibẹ̀ gbà kí ẹni tó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fi onídùúró sílẹ̀, kó sì di owó rẹ̀ mú títí ẹjọ́ á fi parí.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ bí owó ṣe wá kúrò lọ́wọ́ Samsung? Oṣù kejìlá 2015 ni. Agbẹjọ́rò ìhà méjèèjì kọ̀wé sí kóòtù pé Samsung máa san 548,176,477 dọ́là láàrin ọjọ́ mẹ́wàá tí Apple bá ti fi íńfọ́ìsì ránṣẹ́ sí i. Íńfọ́ìsì, irú ìwé owó ọjà tí gbogbo oníṣòwò ń kọ fún oníbàárà. Samsung sì kọ ọ́ sínú ìwé kan náà pé òun ṣì lè gba owó òun padà bí ẹjọ́ bá yí. Bí ilé iṣẹ́ méjì tó ń jà ṣe ń sanwó fúnra wọn nìyẹn.

Ẹjọ́ sì yí lóòótọ́. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tó bá lo páténtì ìrísí ẹlòmíràn láìgbàṣẹ, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ìjọba fún ẹnìkan lórí bí ọjà rẹ̀ ṣe rí lójú, máa kó gbogbo èrè tó jẹ lórí ọjà náà sílẹ̀. Samsung wá béèrè pé èwo gan-an ni "ọjà" náà: ṣé odindi fóònù ni, àbí ara rẹ̀ tó rí roboto nígun nìkan? Ìbéèrè tó nítumọ̀ ni lójú tèmi, torí ẹni tó ra fóònù ra bátìrì, kámẹ́rà àti ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá 2016, gbogbo adájọ́ mẹ́jọ tó wà nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ fẹnu kò pé ó lè jẹ́ apá kan lára rẹ̀ péré. Wọn kò sọ apá wo. Wọ́n dá 399 mílíọ̀nù nínú owó náà padà sísàlẹ̀ fún àtúngbọ́. Ní oṣù karùn-ún 2018, júrì mìíràn tún jókòó, wọ́n ní 539 mílíọ̀nù. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìhà méjèèjì lọ parí ìjà láàrin ara wọn, wọn kò sì sọ iye tí wọ́n fi parí rẹ̀ fún aráyé.

Nítorí náà, mi ò ní bá yín sọ pé Samsung ló jèrè tàbí Apple. Mo sì gbà pé òfin Amẹ́ríkà ka owó onírin sí owó tí ènìyàn lè fi san gbèsè, ibẹ̀ sì ni ìtàn náà ti rí ẹsẹ̀ dúró. Bí ẹnìkan bá kó owó onírin lọ san gbèsè kékeré níbì kan, mi ò ní jiyàn. Ti 2012 ni mo ń bá wí. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni owó ẹjọ́ ń dín kù. Bílíọ̀nù yúrò 13 owó orí tí àjọ Yúróòpù ní kí Apple san fún Ireland ní 2016, kóòtù kan fagi lé e ní 2020, ní 2024, kóòtù tó ga jù ní dandan ni kó san án. Láàrin 2020 sí 2024, ẹni tó bá ní "Apple ti jẹ́bi" àti ẹni tó ní "Apple ti bọ́" ń sáré ju ẹjọ́ lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n máa pariwo ni pé àwọn ènìyàn ń fi irú ìròyìn yìí díye lé ohun ìní wọn. Ní oṣù kẹfà 2012, Koh fòfin de títà Galaxy Tab 10.1, tábúlẹ́ẹ̀tì Samsung kan, ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ̀kan nígbà náà. Ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ gbé ìròyìn náà sókè lórí fóònù, ó ní kóòtù ti pa ọjà náà, pé láìpẹ́ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi tà á ní ìdajì owó. Títa tuntun ní Amẹ́ríkà nìkan ni òfin yẹn kàn, kò kan èyí tó ti wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Adájọ́ gbé e kúrò ní oṣù kẹwàá, ó sì tún kọ̀ ní oṣù kejìlá nígbà tí Apple ní kó fòfin de àwọn fóònù Samsung títí láé. Ní gbogbo àkókò yẹn, Samsung ṣì ni Apple ń gbé iṣẹ́ fún láti ṣe ọpọlọ tó wà nínú iPhone.

Tí ẹnìkan bá fi ìròyìn kóòtù dín owó ẹ̀rọ yín kù, ẹ ní kó fi hàn yín bóyá júrì ló sọ̀rọ̀ tàbí adájọ́, kó sì sọ fún yín bóyá ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ṣì wà níwájú. Ọ̀rẹ́ mi kò bi í. Ẹni tó ra tábúlẹ́ẹ̀tì náà lò ó fún ọdún mẹ́rin.