Mítà ka 12, gílóòbù ò tàn: wáyà ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn

Kò sí bí wọ́n ṣe máa gbé ọkọ̀ ojú omi tí iná ìrìnnà rẹ̀ ò tàn wá sí Ìpakodò níbí ní Ìkòròdú, tí ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu rewáyà: “Ọ̀gá, mo ti fi mítà iná wọ̀n ọ́n, fóòtì 12 ló kà. Wáyà ò ṣe nǹkan kan, gílóòbù ló jó.” Wọ́n á ra gílóòbù. Kò ní tàn. Wọ́n á ní ayédèrú ni, wọ́n á ra òmíràn. Tí ìyẹn náà bá kọ̀, wọ́n á yíjú sí bátìrì, bátìrì tó sítáàtì ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn láìjanpata.

Pé gílóòbù tuntun méjì kì í jó tẹ̀léra wọn, mi ò rò pé ìyẹn gba àríyànjiyàn. Fóòtì 12 yẹn, ìyẹn agbára tó ń ti iná, ló ń bí mi nínú. Tí wọ́n bá ti lè pè é báyìí, ẹjọ́ ti parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó tún máa tú wáyà wò mọ́.

Mítà kì í mu iná tó nǹkan. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àwọn mítà onínọ́ńbà tí a ń rà lọ́jà, ìdènà inú wọn máa ń wà láàárín mílíọ̀nù 1 sí mílíọ̀nù 10 óòmù (òṣùwọ̀n ìdènà iná), nítorí náà iná tí wọ́n ń gbà kọjá ò tó nǹkan rárá. Ẹ jẹ́ ká wo ọkọ̀ onígbòkun tí ìso wáyà rẹ̀ ti dípẹtà nídìí òpó, níbi tí òjò ti máa ń dúró sí. Ká ní ìpẹtà yẹn ti di ìdènà 1,000 óòmù. Lójú mítà tó ní mílíọ̀nù 1 nínú, kí ni 1,000 jẹ́? Á ka 11.99, ọkàn yín á balẹ̀. Ẹ wá yọ mítà, kí ẹ fi gílóòbù wáàtì 10 síbẹ̀. Gílóòbù yẹn fẹ́ mu bíi 0.8 áńpù (òṣùwọ̀n iná tó ń ṣàn), ìdènà tirẹ̀ ò sì ju nǹkan bí óòmù 14 lọ tó bá tàn. 1,000 tí kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan ti di ògiri. Fóòtì tó máa dé ọ̀dọ̀ gílóòbù ò ní tó 0.2. Bátìrì kan náà, wáyà kan náà, ìso kan náà.

Wáyà tí kò gbé ẹrù dà bí alábàárù tó dúró lẹ́bùúté lọ́wọ́ òfo. Gbogbo wọn ló taagun. Ìgbà tí ẹ bá gbé àpò ìrẹsì lé e lórí ni ẹ máa tó mọ èyí tí orúnkún ń dùn.

Ẹnì kan bi mí pé ṣé mítà wá ń purọ́ ni. Kò purọ́. Wọ́n bi í bóyá fóòtì wà, ó ní ó wà. Ta ló bi í bóyá áńpù lè kọjá?

Ìpẹtà díẹ̀ tún burú ju ìpẹtà púpọ̀ lọ lọ́nà kan, torí pé iná á ṣì tàn. Tí ìso yẹn bá ní óòmù 5 péré, gílóòbù kan náà á rí bíi fóòtì 9. Ẹ̀yin tí ẹ dúró tì í á ní ó ti tàn, ẹ máa san owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè má tó ìdajì ohun tó yẹ. Òfin àgbáyé ti ọdún 1972 lórí dídènà ìkọlù lójú omi ní kí iná pupa ẹgbẹ́ òsì àti iná aláwọ̀ ewé ẹgbẹ́ ọ̀tún hàn láti máìlì ojú omi 1, bí ọkọ̀ ò bá tó mítà 12 ní gígùn. Kí funfun ìdí ọkọ̀ hàn láti máìlì 2. Ẹni tó dúró ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí gílóòbù ò lè jẹ́rìí sí ìyẹn.

Ohun kejì tí wọn kì í wò ni wáyà àbọ̀, ìyẹn èyí tó ń gbé iná padà sí bátìrì. Ọ̀pọ̀ rewáyà wa, orí mọ́tò ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Ara irin mọ́tò ni ẹ́ẹ̀tì: wáyà kan á lọ bá gílóòbù, irin á gbé iná padà. Ọkọ̀ fáíbà ò ní irin tó ń gbé nǹkan kan padà. Wáyà méjì ló ń lọ, méjèèjì ló sì lè bàjẹ́. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n: wọ́n á ki ọwọ́ dúdú mítà mọ́ nẹ́gétíìfù bátìrì, wọ́n á fi ọwọ́ pupa kan ojú gílóòbù. 12! Wáyà àbọ̀ lè ti já sí méjì, mítà ò ní mọ̀, torí pé ẹnikẹ́ni ò mú un dé ọ̀nà ibẹ̀.

Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n rèé. Ẹ jẹ́ kí gílóòbù wà nílé rẹ̀, kí súwíìṣì wà ní títàn. Ọwọ́ kan mítà lórí pọ́sítíìfù bátìrì, ìkejì lójú pọ́sítíìfù gílóòbù. Ohun tó bá kà ni fóòtì tó sọnù lọ́nà. Ẹ ṣe bákan náà fún nẹ́gétíìfù. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà iná ọkọ̀ ò fẹ́ kí àdánù iná ìrìnnà ju ìdá 3 nínú 100 lọ, ìyẹn 0.36 lára fóòtì 12, àlọ àti àbọ̀ pọ̀. Tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ka òdo tí iná ò sì tàn, ó dáa, rewáyà yín ló jàre, gílóòbù tàbí ilé rẹ̀ ló bàjẹ́.

Àwọn kan á ní omi ọ̀sà wa níbí kì í ṣe omi òkun, kò lè ba wáyà jẹ́. Nígbà òjò, bóyá. Odò Ògùn àtàwọn odò yòókù á ti da omi aláìníyọ̀ sí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ tọ́ ọ wò. Wáyà bàbà tí wọn ò fi tánńganran bò máa ń fa omi wọ abẹ́ ike rẹ̀. Ẹ gé e, ẹ ó rí i pé ó ti dúdú nínú, bẹ́ẹ̀ ìta rẹ̀ ń dán. Tépù dúdú tí wọ́n wé mọ́ ọn ò lé omi náà jáde, ó kàn há a mọ́bẹ̀ ni.

Mi ò sọ pé wáyà ló máa ń fà á nígbà gbogbo. Gílóòbù ń jó. LED tún da ọ̀rọ̀ náà rú: ó máa ń kọ̀ láti tàn tí wọ́n bá fi pọ́sítíìfù rẹ̀ sójú nẹ́gétíìfù, iná tó ń mu sì kéré débi pé ó lè tàn lórí ìso tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Àwọn kan ti torí ẹ̀ sọ pé LED ti wo wáyà wọn sàn. Ó ṣeé ṣe kó tó fún wọn fúngbà díẹ̀.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ọkọ̀ èrò kì í rìn lálẹ́. Òfin ọdún 1972 yẹn ní kí iná wà ní títàn lọ́sàn-án náà tí ojú ò bá ríran jìnnà, ọyẹ́ sì ń bọ̀ lọ́dọọdún. Bákan náà, wáyà 1.5 tí a fi ń ṣe iná ilé, ẹ má fà á gun òpó ìgbòkun. Tí àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ bá tó ẹsẹ̀ bàtà 100, gílóòbù wáàtì 25 lókè á pàdánù fóòtì tó lé ní 0.7 kí ìpẹtà tiẹ̀ tó dé.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ti àwọn tó ti sú, tí wọ́n wá fa wáyà tààrà láti orí bátìrì lọ bá gílóòbù, láìsí fíúùsì, tó gba abẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo kọjá. Ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kó fi fíúùsì áńpù 5 sí i lónìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù.