Bí A Ṣe Ń Rí Ojúlówó Bábíkíù Amẹ́ríkà ní Òkè Òkun

Ẹni tó bá ti gbé ní Houston tàbí Memphis rí, tó wá kó lọ sí London tàbí Paris, tàbí tó padà sí Èkó, kì í pẹ́ kí ó tó rí i pé ilé oúnjẹ tó kọ bábíkíù sára ògiri pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ẹran rẹ̀ jọ ti ibi tó ti ń bọ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwọn kan máa ń rò pé àṣírí èròjà kan ló wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi pamọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àárín gbùngbùn Texas, iyọ̀ àti ata dúdú lílọ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ tó lórúkọ fi ń ra ẹran lára kí wọ́n tó gbé e sínú ààrò, kò sì sí ọjà tí ènìyàn kò ti lè rí méjèèjì rà. Ohun tó ń sọnù lójú ọ̀nà ni bí alápatà ṣe ń gé ẹran, irú igi tí wọ́n ń dá, àyè láti rú èéfín, àti sùúrù láti dúró ti iná mọ́jú. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ẹni tó ń wá ojúlówó ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, kì í ṣe lára àsíá Amẹ́ríkà tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹran tí a ń sọ yìí kì í ṣe ẹran tí a nà sórí iná tó ń jó. Súyà tí gbogbo wa mọ̀, ẹran pẹlẹbẹ ni, ẹ̀gbẹ́ iná ló ti ń jinná, kíákíá ló sì ń jinná. Bábíkíù ti gúúsù Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Ẹran ńlá tó le, tí ẹran bẹ́ẹ̀ sì máa ń wá láti ibi tí ẹranko ti ń lo agbára jù lára, ni wọ́n ń gbé sínú ààrò tí ooru rẹ̀ kò ju nǹkan bí 107°C sí 135°C lọ. Iná máa ń wà ní apá kan, ẹran ní apá kejì, èéfín igi á sì máa gba orí ẹran kọjá lọ sínú ihò èéfín.

Àyà màlúù, tí wọ́n ń pè ní brisket, ló ń ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣan àyà ló ń gbé púpọ̀ nínú ìwúwo màlúù nígbà tó bá dúró, nítorí náà ó kún fún àwọn okùn funfun líle tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní collagen. Bí a bá sun ún lórí iná líle fún wákàtí kan, yóò gbẹ, yóò sì le bí awọ, nítorí pé àwọn okùn náà kò ní ráyè yọ́. Ṣùgbọ́n bí inú ẹran bá kọjá nǹkan bí 70°C, tí ó sì pẹ́ níbẹ̀, wọn yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ di ohun tó rọ̀ tó sì ń yọ̀ lẹ́nu, èyí tó ń mú kí ẹran tutù lẹ́nu bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú omi ara rẹ̀ ti jáde. Àkókò ni iṣẹ́ náà ń gbà, kò sì sí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀. Odidi àyà màlúù kan lè wà nínú ààrò fún wákàtí 12 sí 18.

Láàárín wákàtí wọ̀nyí ni ohun kan máa ń ṣẹlẹ̀ tó ti mú kí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ náà sọ̀rètí nù. Nígbà tí inú ẹran bá dé nǹkan bí 65°C sí 75°C, òṣùwọ̀n ooru á dúró gbagidi, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan bí iná kò tilẹ̀ dín kù rárá. Omi tó ń jáde láti inú ẹran tó ń gbẹ lójú rẹ̀ ló ń mú un tutù, gẹ́gẹ́ bí òógùn ṣe ń mú ara ènìyàn tutù. Àwọn kan máa ń fi igi kún iná nítorí ìpayà, wọ́n a sì ba ẹran jẹ́. Àwọn ọ̀gá ààrò máa ń dúró, tàbí kí wọ́n fi bébà alápatà wé e kí omi má baà gbẹ mọ́, títí tí inú rẹ̀ yóò fi dé nǹkan bí 95°C. Lẹ́yìn náà, ẹran gbọ́dọ̀ sinmi nínú ooru díẹ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ilé oúnjẹ tó bá fo ìsinmi yìí nítorí pé àwọn oníbàárà ti ń dúró ti sọ iṣẹ́ òru kan nù.

Èéfín fúnra rẹ̀ gba àfiyèsí. Igi gbígbẹ tó ń jó dáadáa máa ń rú èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, ó sì ń fi òórùn dídùn sílára ẹran. Igi tútù, tàbí iná tí kò rí afẹ́fẹ́, máa ń rú èéfín funfun tó nípọn, kíkorò ni ó sì ń fi sẹ́nu. Ààlà aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wà lábẹ́ èèpo dúdú ẹran kò túmọ̀ sí pé ẹran kò jinná. Afẹ́fẹ́ láti inú iná ló para pọ̀ mọ́ ohun tó ń mú ẹran pupa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo ààlà yìí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ojúlówó ni. Ẹ̀rí tí kò lágbára ni, nítorí pé ẹni tó bá fi iyọ̀ tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹran ra á lára lè mú irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde láì dá igi kankan.

Ohun kan tún wà tó máa ń da ẹni tó ń wá a láàmú: bábíkíù Amẹ́ríkà kì í ṣe ẹyọ kan. Ní ìlà-oòrùn North Carolina, odidi ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń yan, tí wọ́n ń gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì ń fi fínígà àti ata sí. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ kan náà, ní àyíká Lexington, èjìká ẹlẹ́dẹ̀ ni, tòmátì díẹ̀ sì máa ń wọ inú fínígà náà. Mọ́sítádì ni ọ̀pọ̀ ará South Carolina ń lò, Memphis sì gbajúmọ̀ fún egungun ìhà ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èròjà gbígbẹ ra. Ní àríwá Alabama, adìẹ ni wọ́n ń rì sínú ọbẹ̀ funfun tí wọ́n fi máyónéèsì àti fínígà ṣe. Ní Kansas City, ọbẹ̀ tòmátì dídùn tó nípọn ló gba iwájú, òun sì ni èyí tí wọ́n ń rọ sínú ìgò tí wọ́n ń kó lọ káàkiri ayé, débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lókè òkun gbà pé ọbẹ̀ náà gan-an ni bábíkíù.

Ó yẹ kí òǹkàwé Yorùbá mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí dàgbà. Lórí àwọn oko ńlá ní gúúsù, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú àti àwọn ọmọ wọn ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ kòtò, tí wọ́n ń la igi, tí wọ́n ń ṣọ́ iná mọ́jú, tí àwọn ẹlòmíràn sì ń jẹ àsè náà. Lẹ́yìn òmìnira, àwọn ló gbé ìmọ̀ náà lọ sí àwọn ìlú ńlá. Henry Perry, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó wá láti agbègbè Memphis, ló bẹ̀rẹ̀ òwò bábíkíù ní Kansas City ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Charlie Bryant bá a ṣiṣẹ́, Arthur Bryant tó jẹ́ arákùnrin Charlie sì sọ ilé oúnjẹ náà di ibi tí ayé mọ̀. Ní àárín gbùngbùn Texas, àwọn alápatà tó ṣí wá láti Jámánì àti ilẹ̀ àwọn Czech náà dá sí i, wọ́n ń yan ẹran tí wọn kò rí tà, wọ́n sì ń fi bébà dì í fún oníbàárà. Ìdí nìyẹn tí ẹran Texas fi ṣì ń wà lórí bébà títí dòní, tí wọ́n sì ń tà á ní ìwọ̀n.

Bí a bá kúrò ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ alápatà ni ìṣòro àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Alápatà ilẹ̀ Bírítéènì sábà máa ń yọ ọ̀rá kúrò lára àyà màlúù, á ká a, á sì fi okùn dì í fún ẹni tó fẹ́ sè é nínú ìkòkò. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé odidi àyà náà, apá tẹ́ẹ́rẹ́ àti apá ọlọ́ràá papọ̀, pẹ̀lú ọ̀rá lórí rẹ̀, ni ààrò ń fẹ́. Màlúù tó jẹ koríko nìkan kì í sì í sábà ní ọ̀rá tó fọ́n ká sínú ẹran bíi ti màlúù Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ọkà bọ́ kí wọ́n tó pa á. Òfin náà wà níbẹ̀: láti 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó para pọ̀ di Ìṣọ̀kan Yúróòpù lónìí ti kọ̀ láti gba màlúù tí wọ́n fún ní họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè, Bírítéènì kò sì tíì gbà á. Nítorí náà, ẹran Amẹ́ríkà tó bá dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí, owó rẹ̀ a sì ga. Japan àti South Korea ń ra ẹran màlúù Amẹ́ríkà púpọ̀, nítorí náà ọ̀nà rọrùn díẹ̀ níbẹ̀. Nàìjíríà kò gba ẹran màlúù wọlé láti òkè òkun lábẹ́ òfin àwọn aṣọ́bodè, màlúù tiwa tó ń rin ọ̀nà jíjìn kì í sì í sanra, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá ń wá brisket bíi ti Texas ní Èkó ń wá ohun tó ṣòro gan-an.

Igi ni ó tẹ̀lé e. Hickory, pecan àti mesquite, igi ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n, wọn kì í hù nínú igbó Yúróòpù. Èyí kò yẹ kó dẹ́rù bani, nítorí pé oak wà ní Yúróòpù, ó sì súnmọ́ èyí tí wọ́n ń lò ní Texas. Òfin èéfín ló le jù. Lẹ́yìn kùrukùru èéfín tó bo London ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, tó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ìjọba ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní 1956, òfin náà sì di ìpìlẹ̀ ìdarí èéfín láwọn ìlú ńlá títí dòní. Ilé oúnjẹ tó wà láàárín ìlú lè má ráyè fi igi nìkan dáná, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń lo ààrò onírin tí gáàsì ń mú gbóná, tí igi díẹ̀ kàn ń fi òórùn sí i. Ẹran tó dára lè ti inú irú ààrò bẹ́ẹ̀ jáde, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ní Amẹ́ríkà pàápàá sì ń lò ó. Èyí tí a kò gbọdọ̀ gbà ni ẹran tí wọ́n sè nínú omi tàbí nínú oófù, tí wọ́n wá da èéfín olómi inú ìgò lé lórí.

Ó ṣeé ṣe láti borí gbogbo èyí. Ní Paris, Thomas Abramowicz lọ kọ́ iṣẹ́ ní Texas kí ó tó ṣí ilé oúnjẹ The Beast. Ní abúlé Nyhamnsläge ní Sweden, níbi tí ilẹ̀ ti pọ̀ tí aládùúgbò kò sì pọ̀, ilé oúnjẹ Holy Smoke ń fi igi yan ẹran gẹ́gẹ́ bí ti Texas. Ibi ìgbèríko bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń ṣe é dáadáa ju àárín ìlú lọ, ó sì dára kí ènìyàn fi èyí sọ́kàn kí ó tó wọ ọkọ̀.

Bí a bá dé ilé oúnjẹ kan, kí a kọ́kọ́ wo aago. Ẹran tó wọ ààrò ní alẹ́ àná máa ń ṣetán ní ọ̀sán, nítorí náà ilé oúnjẹ tó ń sọ pé ẹran ti tán ní aago mẹ́ta ń fi ẹ̀rí rere hàn, èyí tó sì ń ní gbogbo ẹran ní gbogbo wákàtí títí di òru yẹ kó mú wa béèrè ìbéèrè. Kí a béèrè igi tí wọ́n ń dá àti wákàtí tí ẹran lò. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yóò dáhùn láì ronú, inú rẹ̀ a sì máa dùn láti sọ ọ́. Kí a ní kí wọ́n má da ọbẹ̀ sí i. Bí a bá gbé ègé àyà màlúù kan sórí ìka, ó yẹ kí ó tẹ̀ láì já, kí ó sì já bí a bá fà á díẹ̀. Egungun ìhà tí ẹran rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ kí eyín tó kàn án ti jinná jù, tàbí omi ni wọ́n fi sè é. Ibi tí a bá gé jẹ ló yẹ kí ó bọ́, kí ìyókù sì wà lára egungun. Owó tó ga kì í ṣe ìrẹ́jẹ ní gbogbo ìgbà, nítorí pé lẹ́yìn gígé ọ̀rá àti yíyan, àyà màlúù lè pàdánù nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Èyí tó pọ́ọ́kú jù ló yẹ kí a fura sí.

Níbi tí kò bá sí irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ rárá, èjìká ẹlẹ́dẹ̀ ni ó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀ nílé, nítorí pé ó wà lọ́pọ̀ ibi, ó ní ọ̀rá púpọ̀, ó sì ń dárí àṣìṣe jini ju màlúù lọ. Ààrò èédú oníderí lásán ti tó: kí a kó èédú sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí a gbé ẹran sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí a máa fi igi tí kò ní oje sí i díẹ̀díẹ̀. Igi gúáfà dára fún un. Igi tí wọ́n ti kùn tàbí tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò sí kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn. Bí inú ẹran bá dé 95°C, kí a wé e, kí a jẹ́ kó sinmi, kí a fi ọwọ́ fà á ya, kí a da omi ara rẹ̀ padà sí i, kí fínígà, iyọ̀ àti ata gbígbẹ lílọ̀ sì tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí ti ìlà-oòrùn North Carolina.