Ẹ̀tù Ìbọn Kì Í Ṣe Oúnjẹ Ajá

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, ajá mẹ́ta tí wọ́n ti fún ní ẹ̀tù ìbọn jẹ ni wọ́n gbé wá bá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Wọ́n pò ó mọ́ ẹ̀bà, wọ́n bu ata gbígbẹ sí i, pé kí ajá lè rorò. Ọ̀kan ń bì, ó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, olówó rẹ̀ sì ń bi mí bóyá oògùn ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran ní yunifásítì. Ẹni tó ń ta àgúnmu ajá lọ́jà kò lo ọjọ́ mẹ́fà nídìí ìwé, síbẹ̀ tirẹ̀ lẹ kọ́kọ́ ń gbọ́. Àwọn ọdẹ tó ni ẹ̀tù gan-an, inú ìbọn ni wọ́n ń rọ ọ́ sí. Ṣaworo ni wọ́n ń so mọ́ ajá lọ́rùn.

Kì í ṣe ẹ̀tù, ìran àti ìkọ́ni ló ń sọ ajá di ohun tó jẹ́. German Shepherd tí ẹ ń pè ní Alsatian, àgùntàn ni wọ́n fi ń dà ní Jámánì. Lọ́dún 1899, Max von Stephanitz, tó ti ṣe sójà ẹlẹ́ṣin rí, rí ọ̀kan níbi àfihàn ajá ní Karlsruhe, ó rà á, ó sọ ọ́ ní Horand, ara rẹ̀ sì ni ìran náà ti pọ̀. Alápatà ló ni Rottweiler ní tirẹ̀. Màlúù ló ń bá wọn dà ní ìlú Rottweil, ní Jámánì náà. Ajá tó ń gbọ́ràn ni wọ́n. Ti ológun ló tún wá ń gbọ́ràn jù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ajá ló ń gbé ìwé láti yàrà kan sí èkejì, òun ló sì ń wá àwọn tó gbọgbẹ́ kiri. Nígbà ogun kejì, àwọn sójà Rọ́ṣíà di bọ́ǹbù mọ́ ajá lára kó lè sá wọ abẹ́ ọkọ̀ ogun Jámánì. Ṣùgbọ́n nígbà ìkọ́ni, abẹ́ ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà fúnra wọn ni wọ́n ti ń gbé oúnjẹ fún un. Nígbà tí ìbọn dún, àwọn kan nínú àwọn ajá náà sá padà tọ àwọn tó rán wọn níṣẹ́. Ohun tí ẹ bá kọ́ ajá ló mọ̀.

Imú ni irinṣẹ́ ajá ológun, imú yìí sì ni ooru ń bà jẹ́. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, àfi díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní láti lanu, kó yọ ahọ́n, kó máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí ooru lè bá èémí jáde. Ajá tó ń mí hẹlẹhẹlẹ kò lè gbóòórùn dáadáa, torí ẹnu ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Ooru ara ajá kò yẹ kó kọjá 39 àti díẹ̀ lórí ìwọ̀n Celsius. Tó bá ti ju 41 lọ, ikú ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ wá wo Caucasian, ajá orí òkè oníyìnyín tí wọ́n fi ń ṣọ́ àgùntàn lọ́wọ́ ìkookò, pẹ̀lú irun tó nípọn bíi tìmùtìmù. Inú kéèjì irin lábẹ́ páànù lẹ ń tì í mọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, pé kó má baà mojú èèyàn! Bó bá dákú, ẹ má fi àgbo rọ ọ́. Ẹ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ tó gbé e wá.

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, arákùnrin kan gbé tirẹ̀ wá láti apá Tákìé nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, èèyàn mẹ́ta ló gbé e wọlé. Èrìgì rẹ̀ pọ́n bí ata rodo. Ìwọ̀n ooru ka 42 àti ààbọ̀. A da omi títí, a tan fáànù sí i, ó kú kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́. Arákùnrin náà ní wọ́n ti sọ fún òun pé àwọn ọ̀tá ló ṣe é. Mo ní kó fi ibi tí ajá ń sùn hàn mí. Ó ṣí fóònù. Kéèjì náà wà lójú oòrùn gangan, abọ́ omi gbẹ fúrúfúrú, òjìji igi máńgòrò sì wà níbẹ̀, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i.